Ta Ni Oníṣẹ́ Irin Jẹ ní Gbèsè?

Ní ọjà Ládìpọ̀, ní Muṣin ní Èkó, níbi tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti kún ṣọ́ọ̀bù àti ojú títì, kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò de àtẹ̀gùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Hilux fún ni. Side step ni wọ́n ń pè é: páìpù gbọọrọ kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí irin ìkọ́ gbé dúró lábẹ́ ọkọ̀. Páìpù yẹn ń dán, gbogbo ojú ló ń rí i. Irin ìkọ́ kò hàn sí ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ mọ́tò. Ibi tí kò hàn yìí ni ìbéèrè mi wà. Bí oníṣẹ́ bá ṣe é ní jágbajàgba, ṣé iṣẹ́ tí kò dáa lásán ni, àbí ẹ̀ṣẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú tèmi, nítorí pé kì í ṣe ẹni tó sanwó nìkan ni oníṣẹ́ jẹ ní gbèsè. Ó jẹ gbogbo ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ irin náà, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò ní rí láéláé.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń bàjẹ́. Orí ṣàsí ni bọ́dì Hilux wà. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ náà gan-an ní irin ìkọ́ tó bá ihò abẹ́ ọkọ̀ mu. Bóòtù ni wọ́n ń fi dè é, wọn kì í jó nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ra ti ọkọ̀ mìíràn nítorí pé owó rẹ̀ fúyẹ́, ihò kò ní bára mu, ohun tó yá jù ni kí wẹ́dà jó o mọ́ ṣàsí. Iná yẹn lè sọ irin tó wà létí ojú jíjó di aláìlera, ó sì ń jó ọ̀dà tó ń dáàbò bò ó dànù, ìpẹtà á sì gbabẹ̀ wọlé. Bí wọn kò bá tú wáyà bátìrì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, iná lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Ẹni tó bá sì tẹ etí àtẹ̀gùn ń fa ojú jíjó náà ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, bí ẹni fi ọ̀pá gígùn gbé òkúta, kòtò ojú ọ̀nà á sì máa mì í lójoojúmọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ọ̀dà dúdú bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀dà yìí ló bí mi nínú jù. Ojú jíjó tó burú, ẹni tó mọṣẹ́ lè rí i. Èyí tí ọ̀dà ti bò, ẹni tó jó o nìkan ló mọ̀.

A lè rò pé ọ̀rọ̀ bóòtù kò kan ẹ̀sìn. Àwọn ẹ̀sìn tí a ń tẹ̀lé kò rí i bẹ́ẹ̀. Nínú Deuteronomi orí 22, òfin Mósè pàṣẹ pé kí ẹni tó kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má bàa wà lọ́rùn ilé náà. Onílé kò ti ẹnikẹ́ni, òfin kò sì béèrè bóyá ará ilé ló já bọ́ tàbí àlejò. Hádíìsì kan tí Abu Dawud kó jọ sọ pé ẹni tó ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ náà ni yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́. Ní ti ìṣẹ̀ṣe, ilé ẹjọ́ Nàìjíríà gbà kí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi irin búra, nítorí Ògún. Ẹni tó fi irin búra ti ní kí irin mú òun bí òun bá purọ́. Kí ni ká wá sọ nípa ẹni tí irin wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́? Kò dìgbà tó bá lanu búra. Nígbà tó ní òun ti parí, ó ti jẹ́rìí pé ohun tí òun ṣe gba ẹsẹ̀.

Ẹnìkan lè ní àyànmọ́ ni, pé ẹni tí yóò ṣubú yóò ṣubú. Èrò Yorùbá nípa orí kò gba àwáwí yìí láyè. Wande Abimbola, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá, ti fi hàn pé orí kò lè dá ohun tó yàn ṣe láìsí ẹsẹ̀. Segun Gbadegesin, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀, náà sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì akitiyan nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1991. Ẹni tó fi irin tí kò lè gbéni sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ wá di ẹ̀bi ru orí ẹni náà. Àwọn mìíràn á ní fáàrí lásán ni side step. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ Hilux tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Súrùlérè kò nílò rẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá ti jọ àtẹ̀gùn ti pe ẹsẹ̀ wá. Ìyá àgbà tó ró ìró, tí ọkọ̀ ga jù fún, kò ní béèrè bóyá ẹ̀ṣọ́ ni. Yóò gùn ún.

Ti owó ló ṣòro jù. Oníbàárà ló ní kí wọ́n ṣe é pọ́ọ́kú, wọ́n sì jọ fẹnu kò. Mo mọ̀ pé oníṣẹ́ ní ọmọ tó ń bọ́, àti pé bó bá kọ̀, ṣọ́ọ̀bù kejì lè gbà á ṣe. Síbẹ̀, oníbàárà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wewu. Kò ní àṣẹ lórí ti ìyá rẹ̀ tàbí ti ọmọ aládùúgbò tó bá wọkọ̀. A kò ní bi oníṣẹ́ léèrè ohun tí kò lè mọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀, kó sọ ọ́: pé nọ́ọ̀tì lè dẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn, kí wọ́n gbé e padà wá fún un. Àwa tó ń sanwó náà ní ìpín tiwa. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ sí Ládìpọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kun ọ̀dà, kí ẹ sì tó sanwó. Oníṣẹ́ tí kò bá fẹ́ kí ẹ wò ó, ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.