Bí Òṣùwọ̀n Bá Kún, Ǹjẹ́ Ẹ̀tọ́ Ti Pé?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Onídàájọ́ òdodo. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun nínú ohun tí à ń wọ̀n. Kóńgò ni a fi ń ra ẹ̀wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ń fi kílò rà á, a sì ń fi kóńgò tà á. Alásè wọ̀límọ̀ pàápàá lè gba owó kílò, kí ó sì fi kóńgò se oúnjẹ. Nígbà tí a bá ń yí ọ̀kan padà sí èkejì, ọ̀dọ̀ ta ni ìyàtọ̀ tó bá yọ ń lọ?

Ohun èlò tí ó gba omi lítà kan, bí a bá fi ẹ̀wà gbígbẹ kún un, ẹ̀wà náà máa ń sún mọ́ 800 gíráàmù. Ìyẹ̀fun àlìkámà kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ kò sì dúró lójú kan. Bí hóró ṣe tóbi sí àti bí a ṣe mi kóńgò ń yí i padà. Bí ọ̀rinrin bá sì wọ̀ ọ́, ó ń wú, ó ń wúwo, síbẹ̀ hóró kan kò lé sí i.

Ìdí nìyí tí Imam An-Nawawi, tí ó jáde láyé ní ọdún 676 Híjírà, fi ṣàlàyé pé ó ṣòro láti fi ìwúwo nìkan pinnu sọ́ọ̀ù tí a fi ń yọ Sàká Ìtúnu, nítorí pé ohun tí a bá dà sínú rẹ̀ ni ó ń sọ bí yóò ṣe wúwo tó. Sọ́ọ̀ù jẹ́ mùdù mẹ́rin, mùdù kan sì ni ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ọkùnrin tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó kún kóńgò ti bọ́ bí? Súrà Al-Mutaffifin, ìkẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùránì, dárúkọ wíwọ̀n nínú igbá àti wíwọ̀n lórí ìwọ̀n pọ̀, ó sì kìlọ̀ fún ẹni tí ń gba tirẹ̀ ní kíkún, tí ń dín ti ẹlòmíràn kù. Nítorí náà, kò sí ibi ìsápamọ́ nínú èyíkéyìí. Kóńgò tí abẹ́ rẹ̀ ti wọnú lè kún dé ẹnu, kí ẹ̀tọ́ má sì pé. Ànábì ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, ó sì bá ọlọ́jà náà wí pé kò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Òkìtì náà kò kéré. Òtítọ́ ni ó dín.

Nítorí náà, kí olùtà àti alásè kún kóńgò ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, kí wọ́n mọ ohun tí irú ẹ̀wà tí ó wà níwájú wọn wúwo tó, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún oníbàárà. Bí hóró díẹ̀ bá ń fa iyèméjì, kí á fi í sí ti ẹni tí kò ní ìwọ̀n nílé. Opó tí ń ra kóńgò kan fún àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè yẹ̀ wá wò. Ọlọ́hun ń wò wá.

Kí Ọlọ́hun sọ ìwọ̀n iṣẹ́ rere wa di èyí tó wúwo. Àmín.