Ṣé Irọ́ Ni Kéèyàn Dákẹ́? Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Àlòkù Níwájú Ògún



Mo ta ọkọ̀ kan ní Peckham. Owó rẹ̀ ti tán lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì tán nínú mi. Ó kù díẹ̀ kí n má sọ ọ́ síbí, torí ẹjọ́ ara mi ni.

Kí n tó di olùtà, oníbàárà ni mí. Mo ra ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí kò jìnnà sí Rye Lane. (Nílé, tòkunbọ̀ là bá pè é, àmọ́ ọkọ̀ yìí ò sọdá òkun kankan.) Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gíà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ọkùnrin náà na ìka sí rìsíìtì mi. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé “sold as seen”, ìyẹn ni pé bí mo ṣe rí i ni mo ṣe gbà á. Ó tún fi ìwé MOT hàn mí, pé ọkọ̀ náà yege. Òótọ́ ni, ó yege. Ṣùgbọ́n bíréèkì, táyà, iná àti irú wọn ni àyẹ̀wò MOT ń wò. Kì í wo ipò tí ẹ́ńjìnnì tàbí gíà wà.

Òfin ló gbà mí. Consumer Rights Act ti ọdún 2015 sọ pé ọjà tí oníṣòwò bá tà gbọ́dọ̀ dára tó bó ṣe yẹ, kó lè ṣe iṣẹ́ tá a torí rẹ̀ rà á, kó sì bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Bó bá ti lábùkù láti ọwọ́ ẹni tó tà á, a ní 30 ọjọ́ láti dá a padà ká sì gba gbogbo owó wa. Lẹ́yìn ìyẹn, oníṣòwò láǹfààní láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí àtúnṣe ò bá gbà, a ṣì lè dá a padà, àmọ́ ó lè yọ díẹ̀ nínú owó torí pé a ti lò ó. “Sold as seen” kankan ò lè pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. Mo ní kí mẹkáníìkì kọ ohun tó rí sínú ìwé, mo fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo gba owó mi. Mo ta ọtí sílẹ̀ fún Ògún lọ́jọ́ náà, mo sì ń sọ kiri pé bàbá mi ò gba ìrẹ́jẹ.

Lọ́dún kejì, èmi náà ní ọkọ̀ tí mo fẹ́ tà. Ó ń mu ọ́ìlì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń bu lítà kan sí i. Ọmọkùnrin kan wá wò ó, ọmọ Yorùbá bíi tèmi. Ó rí ẹ̀gbà irin tó wà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe jẹ́ pé ọmọ Ògún ni yín, mi ò ní yọ ara mi lẹ́nu pé mò ń wá mẹkáníìkì.” Kò bi mí ní nǹkan kan. Mi ò sì sọ nǹkan kan. Ó san 1,400 pọ́n-ùn, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì náà kú sójú ọ̀nà. Ó pè mí. Mo dá a lóhùn pé èmi kì í ṣe oníṣòwò.

Ìyẹn náà bá òfin mu. Ẹni tó kàn ń ta ọkọ̀ ara rẹ̀ ò sí lábẹ́ òfin 2015 yẹn. Ohun tó di dandan fún irú wa ni pé kí ọkọ̀ jẹ́ tiwa, kí ohun tá a bá sì sọ nípa rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Misrepresentation Act ti ọdún 1967 wà fún ẹni tó bá fi irọ́ tà. Ọkọ̀ tó léwu lójú títì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tó fẹ́ wà á lọ. Àmọ́ bí olùrà ò bá béèrè, tí èmi náà ò sì sọ, mo gbà pé ó parí nìyẹn.

Ṣé ó parí níwájú Ògún?

Mo gbé e lọ bá àgbà kan nínú ilé wa. Ó ní kí n má da ara mi láàmú: mo ti dín owó kù, ojú ni olùrà fi ń ra ọjà, bí gbogbo ọlọ́jà bá sì ń ka àbùkù ọjà rẹ̀, ebi á pa á. Mo rò ó títí, mi ò lè pè é ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo dín owó kù fún ò mọ ohun tí mo torí rẹ̀ dín in. Ó rò pé oore ni mo ṣe é. Ojú tó yẹ kó fi wo ọkọ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ mi ló fi wò.

Ìdí tí òfin fi le mọ́ oníṣòwò ni pé òun ló mọ ọjà ju olùrà lọ. Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́, ta ló mọ ọkọ̀ yẹn jù mí lọ? Òfin kan náà sọ pé bí oníṣòwò bá ti fi àbùkù kan han olùrà kó tó rà á, olùrà ò lè padà wá fi àbùkù yẹn jà. Kò ní kí ọkọ̀ àlòkù dà bíi tuntun. “Àbúrò, ó ń mu ọ́ìlì o.” Gbólóhùn kan péré.

Nílé ẹjọ́ ní Nàìjíríà, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra kó tó sọ̀rọ̀. Mo máa ń rò pé ìgbà tí wọ́n bá gbé irin fúnni ni ìbúra bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbé irin fún mi lọ́jọ́ náà. Mo ti wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ wá.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún àgbà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọkùnrin náà ń bọ̀, mo bu ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì títí ó fi kún, pé bó bá yọ ọ̀pá ìwọ̀n wò, kó rí i pé ó péye. Ẹnu mi nìkan ló dákẹ́, ọwọ́ mi ti sọ̀rọ̀. Bóyá adájọ́ pàápàá ì bá pè é ní irọ́, ká ní ó mọ̀.

Mo pè é, mo ní kó wá gba 700 pọ́n-ùn. A pàdé níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin Peckham Rye. Ó ka owó náà, ó dúpẹ́, kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́, “sà” ló ń pè mí. Ó wá bi mí pé ṣé Ògún ló ní kí n dá a padà, àbí ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ló ń bà mí. Mo ní Ògún ni. Bí wọ́n bá gbé irin fún mi lónìí, mi ò mọ̀ bóyá mo lè búra sí i.