Ìyá Tí Ọmú Rẹ̀ Kò Tó: Ṣé Ẹlẹ́ṣẹ̀ Ni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Arábìnrin kan bímọ. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ń ké ṣáá, orí ọmú ìyá sì ti bó. Ẹnìkan ní kí wọ́n fún ọmọ ní omi àti àgbo. Ẹlòmíràn ní ìyá tó bá fún ọmọ ní mílíìkì inú agolo ti ṣẹ Ọlọ́hun. Ta ni kí ó gbọ́ tirẹ̀?

Òtítọ́ ni pé Àlùkùránì fi ọdún méjì gbáko sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ mu ọmú pé. Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti ń gbani níyànjú pé ọmú nìkan, láìsí omi, ni kí ọmọ mu fún oṣù 6. Omi ọyàn àkọ́kọ́ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àrùn. Láàrin ọjọ́ 2 sí 4 ni ọmú sábà máa ń kún. Nítorí náà, igbe ọmọ nìkan kò tó ẹ̀rí pé ọmú kò tó.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá tọ̀ dáadáa, tó ń rù, tí kò lágbára láti fa ọmú, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá ní kí a fi mílíìkì ọmọ titun kún ọmú, kí a fi kún un, kí ìyá má sì dá ọmú dúró.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Nínú Súratul-Baqarah, aaya 233 kan náà tó sọ ọdún méjì, Ọlọ́hun kò di ẹrù tó ju agbára lọ rù ẹnikẹ́ni, Ó sì yọ̀ǹda kí ẹlòmíràn bá ni fún ọmọ lọ́mú. Ṣebí Halimah ló fún Ànábì wa lọ́mú?

Ẹ̀yin ọkọ, aaya yìí kan náà ló gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá ọmọ ka bàbá lórí. Ṣé o ti bọ́ ọ yó? Ṣé o jẹ́ kí ó sùn? Ṣé o fi ọ̀wọ̀ bẹ ìyá rẹ pé kí ó má fi ọ̀rọ̀ gún un lára?

Àmánà ni ọmọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó yó. Kò sí ẹ̀tọ́ fún wa láti fi ebi pa á nítorí ìyìn ènìyàn. Kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́, àmín.