Ta Ló Yí Pálọ̀ Padà?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ká tó jìnnà. Bí ẹ bá jí lọ́la, tí ẹ rí i pé ilẹ̀kùn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ti bọ́ sọ́wọ́ òsì, tí ògiri tó jẹ́ funfun ti di búlúù, tí gbogbo ará ilé sì jókòó tí wọ́n ń mu ẹ̀kọ wọn bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́lé ọ̀hún, kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa pariwo ni, àbí ẹ máa fa àga kí ẹ mu tiyín?

Àwọn kan á ní irú ìbéèrè wo tún nìyí. Ẹ fara balẹ̀ jàre, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Aswani ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ní Ìsọlọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá mọ Aswani á mọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí ọjọ́ yẹn lọjọ́ ọjà. Òkìríkà á kún ilẹ̀ bí ìgbà tí òjò aṣọ rọ̀ mọ́jú, àwọn tó ń nájà á gba ojú títì, ọkọ̀ á máa fọn fèrè lásán. Láàárín òkìríkà yẹn lẹ ti máa rí bàtà, ìkòkò, bẹ́líìtì, àti nígbà kan rí, síídì. Ọ̀kan nínú irú síídì bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi rà wálé nígbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, èyí tí wọ́n kó odidi eré tẹlifíṣọ̀n sínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. The Fresh Prince of Bel-Air ni, èyí tí Will Smith ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1990 títí di 1996. Ìtàn ọmọ Philadelphia kan ni, tí ìyá rẹ̀ rán lọ gbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tó lówó. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ta ni ò mọ ẹni tí wọ́n rán lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ l'Ékòó?

NEPA ṣe wá lóore lọ́sẹ̀ yẹn. (Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní NEPA. Láti 2005 ni orúkọ ti ń yí, iná ò yí.) A wo ọdún àkọ́kọ́ eré náà tán, a ki síídì bọ ọdún kejì láìsinmi. Àfi bí mo ṣe rí i pé pálọ̀ tí wọ́n wà lánàá kọ́ ni wọ́n wà lónìí. Kíṣìnì náà kọ́ nìyẹn. Bàbá ni bàbá, ìyá ni ìyá, àwọn ọmọ ò yí padà, àwàdà ń lọ bó ṣe ń lọ. Ilé nìkan ló di ilé mìíràn. Mo kígbe pé, "Màámi, wọ́n ti pààrọ̀ ilé!" Ìyá mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ṣé eré ni mò ń wò ni àbí ilé ni mo fẹ́ rà.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó wo eré yẹn nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní láti dúró títí di oṣù kẹsàn-án 1991 kí ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù bíi mélòó kan, ìrántí ti rọ̀, èèyàn á kàn ní ó jọ pé nǹkan kan yàtọ̀. Àwa kò ní oṣù kankan láàárín. Alẹ́ la wo tibí, òwúrọ̀ la wo tọ̀hún. Ìdí nìyẹn tó fi gbá wa lójú.

Èmi ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ilé funfun tí wọ́n ń fi ìta rẹ̀ hàn wá nínú eré náà kò sí ní Bel-Air rárá, Brentwood ló wà, ládùúgbò mìíràn ní Los Angeles. Inú ilé tí a sì ń rí, inú sítúdíò ni. Pákó ni ògiri rẹ̀, ògiri mẹ́ta péré, nítorí ibi tí ẹ̀kẹrin ì bá wà ni kámẹ́rà àti àwọn òǹwòran jókòó sí. Bí ọdún kan bá parí, tí àwọn tó ń ṣe eré bá ń fẹ́ àyè tó gbà wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, káfíńtà dé nìyẹn. Kì í sì í ṣe eré apanilẹ́rìn-ín nìkan. Dallas, eré ìdílé olówó epo tí ariwo rẹ̀ gba gbogbo ayé, ilé tí wọ́n fi hàn nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1978 kọ́ ni ilé Southfork tí gbogbo èèyàn wá mọ̀ ọ́n mọ́.

Nílé níbí ńkọ́? Tiwa tún dùn jù ú lọ. Ẹni tó bá ń wo fíìmù Yorùbá dáadáa mọ àtẹ̀gùn tí mò ń wí, àtẹ̀gùn kan báyìí tó ká kọ́rọ́, tí irin ọwọ́ rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Lóṣù yìí Alhájì ló ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, lóṣù tó ń bọ̀ ó ti di ilé pásítọ̀. Nígbà mìíràn, olóyè á wọ ẹnu ọ̀nà ilé kan, á jáde sí pálọ̀ tó hàn gbangba pé ti ilé mìíràn ni. Ilé ìyálò ni. Onílé ń gba owó ojoojúmọ́, ó sì lè ní òun ò yá wọn mọ́ kí wọ́n tó dé apá kejì.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Ṣé irọ́ nìyẹn? Ṣé ẹni tó ń sọ ìtàn fún mi jẹ mí ní gbèsè àlàyé bó bá pa ilé dà mọ́ mi lójú?

Ẹni tó bá ní kò jẹ mí ní nǹkan kan ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ìyá àgbà tó ń pàlọ́ lè sọ lónìí pé láti ojú ọ̀run ni Ìjàpá ti já bọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fọ́, kó sọ nǹkan mìíràn lọ́tùn-únla, kò sọ́mọ tó máa pè é ní òpùrọ́. Àwọn alárìnjó náà ńkọ́? Láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944, mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e ló kọ́lé sórí ìtàgé? Aṣọ tí wọ́n fi kùn ya àwòrán sí ni ààfin. Nígbà mìíràn, kò sí ju àga kan lọ. Òṣèré á ní, "Ààfin ọba rèé," àwa náà á gbà pé ààfin ọba ni.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé òṣèré yẹn sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ló fi kọ́ ààfin náà fún wa, bó bá sì fẹ́ sọ ọ́ di oko, ẹnu náà ló máa fi tú u. Tẹlifíṣọ̀n ò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi búlọ́ọ̀kù, kọ́tìnì àti fọ́tò ara ògiri hàn wá, ó ní ká fi ojú ara wa gbà á gbọ́. Ẹni tó ní kí n fi ojú mi ṣe ẹlẹ́rìí, ṣé ó tún lè wá sọ pé ojú mi ò rí nǹkan kan?

Àwọn àgbà wa mọ èyí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gbogbo wa ń pa òwe yìí, a máa ń sáré lọ sídìí ẹwà. Ẹ dúró lórí ìlàjì àkọ́kọ́ ná. Wọn ò kàn sọ pé ilé ọba ti lẹ́wà sí i. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa pé ó jó.

Mo tún máa ń rò nípa The Village Headmaster, tí Olúṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968. Ọkùnrin mẹ́ta ló ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yẹn tẹ̀ léra: Ted Mukoro, Femi Robinson, Justus Esiri. Ìyẹn ò dà mí láàmú, nítorí wọ́n lè gbé tísà kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé inú eré yẹn náà ni Àmẹ́bọ̀ ti wá, obìnrin tí Ibidun Allison ṣe, tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ gbogbo olófòófó ní Nàìjíríà. Ẹ wá sọ fún mi, nínú abúlé tí Àmẹ́bọ̀ ń gbé, ta ló láyà láti yí pálọ̀ rẹ̀ padà láìsí pé ilẹ̀ mọ́ bá a lẹ́nu gbogbo ayé?

Mi ò ní kí wọ́n máa ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú o. Àlàyé náà lè ba nǹkan jẹ́. Nínú Dallas yẹn kan náà, wọ́n pa Bobby ní 1985. Nígbà tí òṣèré náà gbà láti padà wá ní 1986, wọ́n ní gbogbo ohun tí àwọn òǹwòran ti wò fún odidi ọdún kan, àlá ni ìyàwó rẹ̀ lá. Ẹ gbà mí! Ẹni tó sunkún, àlá ẹlòmíràn ló ń sunkún lé lórí. Ó sàn kí wọ́n dákẹ́.

Láàárín àlàyé ọ̀hún àti ìdákẹ́, ohun kékeré kan wà tí Fresh Prince ṣe tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ní 1993, Daphne Maxwell Reid rọ́pò Janet Hubert, ẹni tó ń ṣe ìyá nínú ilé yẹn. Ọ̀rẹ́ Will wọlé, ó wo obìnrin náà, ó ní ó dà bíi pé nǹkan kan ti yí padà lára wọn látìgbà tí wọ́n ti bímọ. Will kàn yíjú wo kámẹ́rà. Ó tán. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi pé, "A mọ̀ pé o rí i."

Ilé ni wọn ò wí nǹkan kan nípa rẹ̀. A wò ó títí, a ò gbọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n máa ro eléyìí ju bó ṣe yẹ lọ rèé. Sẹ́mẹ́sítà kan, mo dé láti họ́sítẹ̀ẹ̀lì, mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi ní pálọ̀, bí mo ṣe ní kí n lọ gbé báàgì mi sídìí fèrèsé, ògiri ni mo bá pàdé. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dá pálọ̀ wa sí méjì. Fèrèsé ńlá tó kọjú sí títì, èyí tí ìyá mi máa ń yọrí sí láti pè wá wálé, ti bọ́ sí òdì kejì. Mo gbọ́ ohùn ẹni tí mi ò mọ̀ níbẹ̀, ó ń ka iye bélì òkìríkà.

Bàbá mi ní, "Báwo lẹ̀kọ́?" Màámi ní ṣé ẹ̀bà ni mo fẹ́ jẹ ni àbí kí wọ́n ro àmàlà. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé ìgbà wo ni wọ́n mọ ògiri yìí. Ó ní, "Ògiri wo?" Ó wò mí lójú o, kò rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dùbúlẹ̀, mo ń fọkàn wọn ìwọ̀n pálọ̀ wa àtijọ́ bíi wèrè, mo ń bi ara mi bóyá ó tilẹ̀ tóbi tó bí mo ṣe rò.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé owó ṣọ́ọ̀bù náà, tí wọ́n gbà ti ọdún méjì pọ̀, ni wọ́n fi san owó ilé ìwé mi. Wọn ò fẹ́ kí n máa ro ìyẹn nígbà tí ìdánwò ń bọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ, àwọn òbí mi sì fi òwe yẹn ṣe ìfẹ́. Mo mọ̀. Mi ò lè pè wọ́n ní òpùrọ́ kí n sì jẹ ẹ̀bà wọn.

Síbẹ̀, mo ṣì rò pé "Ògiri wo?" burú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yàtọ̀ sí kéèyàn máa bá ojú ẹlòmíràn jiyàn. Ẹni tó dákẹ́ fi ohun tí mo rí sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó ní "ògiri wo" gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ara mi. Òǹwòran lè pa tẹlifíṣọ̀n kó lọ sùn. Ibo ni ọmọ ilé fẹ́ lọ?

Ìyá mi ló tú mi sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń gbálẹ̀, ó dé ìdí ògiri yẹn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú. Ó ní, "Ooru ti ń mú níbí báyìí, àbí?" Ó wò mí, ó ń gbálẹ̀ lọ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." A ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di òní. Ó tó mi.

Aswani fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ló fún àdúgbò lórúkọ. Bi ọmọdé tó wà lọ́jà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun léèrè, á ní orúkọ ọjà ni. Kò purọ́. Ọdún kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré tiẹ̀.

Àbúrò mi tó kéré jù náà nìyẹn. Kò tíì máa rìn nígbà tí wọ́n mọ ògiri yẹn. Ní ìsinmi tó kọjá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn, mo sọ fún un pé pálọ̀ wa máa ń dé títì tẹ́lẹ̀, pé fèrèsé wà lọ́hùn-ún. Ó wo ògiri, ó wò mí. "Irọ́ ni, àǹtí mi." Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo fi lé ibi tí ògiri tuntun ti pàdé ti àtijọ́, níbi tí kùn ò tíì lè bo ìlà náà.