Eré Ọmọdé Nínú Ọgbà Olúwa: Ta Ni Yóò Rí Àga Jókòó?

Nínú ìwé ìrántí báyìí, ìtàn ìjọ àti àwòrán àwọn àgbà ni ó máa ń gba ojú ewé. Mo bẹ̀bẹ̀ fún àyè díẹ̀ láti sọ ohun tí àwọn kan lè kà sí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, èyíinì ni eré tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní kíláàsì Ọjọ́ Ìsinmi, ní ìkórè èwe, ní ọjọ́ ìbí, àti ní ọjọ́ àwọn ọmọdé tí a ń ṣe ní 27 oṣù karùn-ún.

Àwọn àgbà kan gbà pé eré kò yẹ nínú ọgbà ìjọ rárá. Wọn á ní, “Ibi mímọ́ ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kàwé, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n máa lọ sílé.” N kò bá wọn jà, nítorí ọ̀wọ̀ ilé Olúwa ni ó ń mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sí Sekariah orí 8, ẹsẹ 4 àti 5. Nígbà tí Olúwa ń ṣèlérí bí Jerusalemu yóò ti rí nígbà tí Òun bá tún un ṣe, àwọn arúgbó tí ń tẹ̀pá ni a kọ́kọ́ mẹ́nu kàn, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ń ṣeré káàkiri ìgboro. Eré ọmọdé ni àmì pé àlàáfíà ti dé ìlú náà.

Àti pé, nínú gbogbo ìjọ, àwa Aládúrà kọ́ ni ó yẹ kí ẹ̀rù eré máa bà. Nígbà tí àwọn ìjọ míṣọ́nnárì ń fi dùùrù kọrin jẹ́jẹ́, àwa ni a gbé ìlù wọ ilé àdúrà, tí a pàtẹ́wọ́, tí a jó, tí àwọn ènìyàn sì fojú tín-ín-rín wa bí Mikali ti ṣe sí Dafidi. Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí Olúwa lò pẹ̀lú Mósè Orímọládé láti dá Ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó, kò tíì pé ọmọ ọdún 18 ní oṣù kẹfà ọdún 1925 tí ó jáde lọ wo ìwọ́de Corpus Christi ti ìjọ Àgùdà (kì í ṣe àdúgbò wa yìí ni mo ń wí o, àwọn Kátólíìkì ni). Ìran ni ọmọ náà lọ wò, ìran sì ni ó rí.

Nítorí náà, kí wọ́n ṣeré ni tèmi. Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni irú eré tí a ń fún wọn.

Ẹ wo eré àga tí a ń ṣe ní gbogbo pátì l'Ékòó. Ọmọ mẹ́wàá, àga mẹ́sàn-án. Wọ́n ń jó yí àga ká, orin dákẹ́ lójijì, kálukú sáré jókòó, ẹni tí kò rí àga ti jáde nìyẹn. A tún yọ àga kan, ọmọ kan tún jáde, títí yóò fi ku ẹnìkan ṣoṣo. Ta ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde? Èyí tí ó kéré jù ni, tàbí èyí tí ara rẹ̀ kò le, tàbí èyí tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ pé kí ó máa yẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọmọ tí ó níwà gan-an ni eré yìí ń fi ìyà jẹ! Ó sì lè jẹ́ pé kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí a kọ́ wọn tán pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe olórí nínú ìjọba Ọlọ́run, kí ó kọ́kọ́ ṣe ìránṣẹ́. Èwo nínú ẹ̀kọ́ méjèèjì ni ọmọ yóò gbé relé? Ara ni ọmọdé fi ń kọ́ nǹkan. Igbọ̀nwọ́ tí ó fi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣubú, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ fún un ní bísíkíìtì, kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, “Àbí bí Èkó ṣe rí kọ́ nìyẹn? Kí wọ́n tètè mọ̀ pé àga kò kárí.” Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti dúró de mọ́tò ní Ojúẹlẹ́gbà nírọ̀lẹ́ mọ̀ pé èrò pọ̀ ju ìjókòó lọ. Ṣùgbọ́n ìgboro ń kọ́ wọn ní ìyẹn lójoojúmọ́, kò sì gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn. Robert Raikes tí a ń rántí fún Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Gloucester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1780, àwọn ọmọ tálákà tí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni ó ṣe é fún. Àwọn tí kò rí àga níbòmíràn ni.

N kò sọ pé kí ọmọ má mọ bí a ti ń pàdánù. Ọpọ́n ayò ti kọ́ àwọn bàbá wa. Ẹni tí ó pa ni ọ̀ta, ẹni tí a pa ni ọ̀pẹ, wọ́n á sì fi ọ̀pẹ ṣẹ̀fẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ta òmíràn, ọmọ ayò 48 náà á padà sí mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò 12, ọ̀ta àti ọ̀pẹ á tún dọ́gba. Irú ìpàdánù báyìí kì í pa ọmọ lára.

Èyí tí ó burú ju eré àga lọ ni ìdíje ijó. Mo ti rí i ní ìkórè èwe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí wọ́n ní ọmọ tí a bá ná owó fún jù ni ó mọ ijó jù. Ọmọ ìyá aláta jó títí, òógùn bò ó, ìyá rẹ̀ lẹ náírà kan mọ́ ọn níwájú orí, ó tán. Ṣé ijó ni a wọ̀n ni, tàbí àpò?

Eré àwọn baba wa kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ gbé padà: ẹkùn-mẹ́ran. Gbogbo ọmọ á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á pa agbo. Ọmọ kan jẹ́ ewúrẹ́ láàárín agbo, òmíràn jẹ́ ẹkùn lóde. Ẹkùn ń wá ibi tí yóò gbà wọlé, àwọn tí wọ́n pa agbo ń fún ọwọ́ wọn mọ́ra, orin ń lọ. Níbí, ọmọ tí kò lágbára ni gbogbo agbo ń dáàbò bò. Bí ẹkùn bá já wọlé, kò sí ẹni tí a lé jáde. Ẹlòmíràn ni yóò ṣe ewúrẹ́. Bí olùkọ́ bá wá ka ìtàn olùṣọ́-àgùntàn rere nínú Johannu orí 10 lẹ́yìn náà, ọwọ́ àwọn ọmọ ti mọ ìtàn náà kí etí wọn tó gbọ́ ọ.

Bojú-bojú náà dára fún àgùntàn tí ó nù, nínú Luku orí 15. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò fẹ́ ẹ nítorí Olórò tí a ń dárúkọ nínú orin rẹ̀. Ẹ pa orin náà dà! Ìjọ tí ó gba ìlù, tí ó yà á sí mímọ́, orin ọmọdé kan kò ní ṣòro fún un. Ìṣòro tòótọ́ ni àyè, nítorí ní Àgùdà ilé ti fún mọ́ ilé, mọ́tò sì gba títì. Agbo ẹkùn-mẹ́ran kò ju ìwọ̀n yàrá kíláàsì lọ.

Ní ti sùtánà, mo fara mọ́ àwọn àgbà pátápátá: aṣọ àdúrà kì í ṣe aṣọ eré. Kí wọ́n bọ́ ọ, kí wọ́n ká a dáadáa, kí wọ́n tó bọ́ sí agbo.

Bí òjò bá sì dé, tí kò sí àyè láti dìde, ẹ pa àlọ́ fún wọn láti inú Bíbélì, kí àwọn kékeré kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ fi èyí ṣe é nílé lálẹ́ òní: kí ni ó gbé wòlíì mì tí kò jẹ ẹ́, tí ó tún gbé e dé èbúté láìgba owó ọkọ̀? Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bá wọn dáhùn o.