Etí Òrùlé Tí Ó Ń Mì



Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn ń mú, a sì ń wo ojú ọ̀run pé ìgbà wo ni òjò àkọ́kọ́ yóò rọ̀. Gbogbo ẹni tí ó ń gbé Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kíṣí, ni ó mọ̀ pé òjò àkọ́kọ́ kì í dá wá. Ìjì ni ó máa ń ṣíwájú rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Igi kò pọ̀ tó láti dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, a sì tún ń gé nínú ìwọ̀nba tí ó kù láti fi ṣe èédú. Nítorí náà, bí ìjì bá dìde ní oṣù Ẹrẹ̀nà tàbí Igbe, òrùlé wa ni ó kọ́kọ́ ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí a ronú papọ̀ lórí ohun kékeré kan ní ọ̀sẹ̀ yìí: páànù etí òrùlé tí ìṣó rẹ̀ ti tú, tí ó ń ró gbàgà-gbàgà lóru bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, àti pákó etí òrùlé, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní fáṣíà, tí ó ti ń ṣí kúrò lára igi. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ariwo yẹn rí, tí ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, tí ó sì sùn lọ?

Koríko bẹẹrẹ ni àwọn baba wa fi ń bo ilé. Koríko yìí níyì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a sì máa rù ú wá láti fi bo ààfin. Ẹni tí ó fi koríko bo ilé mọ̀ pé iṣẹ́ òrùlé kì í parí. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà ni páànù dé. Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ lórí irin páànù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1829. Ní 1837, Stanislas Sorel gba ti fífi síǹkì bo irin kí ó má baà tètè dípẹtà, ní ilẹ̀ Faransé. Páànù pẹ́ ju koríko lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mú ìgbàgbé wá bá wa. A kàn án lẹ́ẹ̀kan, a kò sì tún gbójú sókè wò ó mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń lọ lókè níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Oòrùn ọ̀sán ń mú páànù gbóná, ó ń fẹ̀; òtútù òru dé, ó ń sún kì. Lójoojúmọ́ ni ó ń fa ìṣó síhìn-ín, tí ó ń fà á sọ́hùn-ún. Ọyẹ́ ń gbẹ igi, ikán ń jẹ ẹ́ láti inú. Nígbà tí ìjì bá wá dé, etí ni ó ń wá. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ń ti etí náà sókè; èyí tí ó ń sáré kọjá lórí rẹ̀ sì ń fà á. Bí àyè ìka kan péré bá ti ṣí, ìjì ti rí ibi tí yóò fi ọwọ́ sí nìyẹn. Bí ó bá ká páànù kan, ó di dandan kí ó ká èkejì.

Ará, báyìí gan-an ni ọkàn ènìyàn rí. Ẹni tí ó kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lónìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìgbà tí kò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́ ni etí òrùlé ti ń mì. Ẹni tí ó kó owó ẹgbẹ́ jẹ ti kọ́kọ́ fi ìka há ẹnu òṣùwọ̀n lọ́jà. Àdúrà òwúrọ̀ ni ó ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí yóò pa Mísà ọjọ́ Ìsinmi tì. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ wo ọ̀nà tí a máa ń gbà tan ara wa jẹ. Ẹnìkan á gbé òkúta tàbí táyà àlòkù lé páànù náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì ńlá bá dé, òkúta náà gan-an ni yóò já lu ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn á fi òòlù lu ìṣó àtijọ́ padà sínú ihò àtijọ́. Ihò náà ti fẹ̀. Ìṣó kò ní rí nǹkan dì mú. Ẹlòmíràn sì wà tí ó kun fáṣíà ní ọ̀dà tuntun, tí igi ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti jẹrà. Àwáwí wa dàbí òkúta orí páànù. Ìlérí tí kò ní ìrònúpìwàdà nínú dàbí ìṣó inú ihò àtijọ́.

Káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò fi ẹ̀yìn òòlù yọ ìṣó tí ó ti tú náà, yóò sì fi ẹnu ọ̀bẹ gún igi tí ó wà lábẹ́. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, igi ti jẹrà; yóò gé e dànù dé ibi tí ó le, yóò sì fi igi tuntun tí a ti fi oògùn ikán pa dípò rẹ̀. Yóò kan ìṣó tuntun, tí ó gùn ju ti àtijọ́ lọ, tí ó ní rọ́bà lábẹ́ orí, sí ẹ̀gbẹ́ ihò àtijọ́, ní ibi tí páànù ti yọ sókè, kì í ṣe ibi tí ó tẹ̀ wọnú, tí omi ń gbà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ̀dà kóòtà dí ihò àtijọ́. Òwúrọ̀, kí páànù tó gbóná, ni yóò gun òkè. Ẹnìkan yóò di àkàsọ̀ mú. Yóò jìnnà sí wáyà iná, yóò sì máa tẹ orí ìlà ìṣó, níbi tí igi wà lábẹ́.

Ǹjẹ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tòótọ́ kò rí bẹ́ẹ̀? Ìyẹ̀wò ọkàn ni ọ̀bẹ tí ń wá ibi tí ó jẹrà. Ìrònúpìwàdà ni gígé igi búburú dànù. Ìpinnu tuntun ni ìṣó tuntun. Dídá ohun olóhun padà fún un ni dídí ihò àtijọ́, nítorí bí a kò bá dí i, ibẹ̀ ni òjò yóò tún gbà wọlé.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilé yín nìkan ni èyí. Nínú Ìwé Diutarónómì, orí 22, Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ níbẹ̀, kí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ má sì wà lórí ilé náà. Òrùlé pẹrẹsẹ ni tiwọn, tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà kan wá: páànù tí ìjì ṣí nílé mi, ọmọ aládùúgbò mi ni ó lè gé lára. Ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin ayálégbé tí ẹ ń jiyàn ta ni yóò sanwó ìṣó, ìjì kò ní dúró gbọ́ ẹjọ́ yín.

Ẹ sì rántí opó tí kò ní ọmọkùnrin tí yóò gun òkè fún un. Ẹ rántí ahunṣọ Ìsẹ́yìn tí òfì rẹ̀ wà lábẹ́ àtíbàbà, tí òjò kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin ìjọ tí ẹ ní òòlù àti agbára, ẹ yà wọ́n wò kí òjò tó dé. Ìṣó díẹ̀ àti wákàtí kan lè jẹ́ àánú tí ó tóbi jùlọ tí ẹ ó ṣe lọ́dún yìí.

Ọjọ́ 19 oṣù Ẹrẹ̀nà ni àjọ̀dún Jósẹ́fù Mímọ́, nígbà tí ìjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní ilẹ̀ wa. Ní 1955, Póòpù Pius Kejìlá tún ya ọjọ́ kìíní oṣù Èbìbí sọ́tọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni Ọmọ Ọlọ́run sì ti dàgbà. Kí ó bá wa bẹ Olúwa, kí a lè gbọ́ ariwo kékeré náà kí a sì dìde, kí ìjì tó ké. Àmín.