Àlejò Tí Ń Bẹ Nínú Ọjà Wa



Ní oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún ni Ìyá wa, Ìjọ Mímọ́, máa ń ṣe ìrántí Lorenzo Ruiz Mímọ́, ajẹ́rìíkú, ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Filipínì tí a kà mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́. Ará Ṣáínà ni baba rẹ̀, ọmọ Filipínì ni ìyá rẹ̀. Àdúgbò Binondo ní ìlú Manila ni ó ti wá. Bí a bá fẹ́ mọ bí oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ti tóbi tó lórí rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ojú tí ìlú náà fi ń wo ìran baba rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará Spéìn ń ṣàkóso Manila, àwọn oníṣòwò ará Ṣáínà ni ó ń fi ọkọ̀ kó aṣọ sẹ́dà àti àwo tánganran wá, tí a sì ń fi fàdákà ilẹ̀ Mẹ́síkò rà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn ni ó ń ṣe búrẹ́dì tí ìlú ń jẹ, àwọn ni ó sì ń rán bàtà tí ìlú ń wọ̀. Síbẹ̀ ẹ̀yìn odi ni a fi wọ́n sí, ní ọjà tí à ń pè ní Parian, níbi tí ọta ìbọn ńlá inú odi ti lè bà wọ́n. Ìlú fẹ́ ọjà wọn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ojú wọn.

Ní ọdún 1603, àwọn ìjòyè mẹ́ta láti Ṣáínà wá sí Manila. Wọ́n ní àwọn wá wo òkè wúrà kan. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé ogun ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn oníṣòwò gbọ́ pé a ó pa wọ́n, apá kan nínú wọn sì dìde jà. Ni ìlú bá kọlù wọ́n, a sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àti ẹni tí ó jà àti ẹni tí kò jà. Kí ni èrè rẹ̀? Antonio de Morga, tí ó ti ṣe adájọ́ ní Manila, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1609 pé ìyà jẹ ìlú lẹ́yìn náà: oúnjẹ wọ́n, bàtà kò sí, bí ènìyàn tilẹ̀ ní owó lọ́wọ́.

Láti inú ìran tí a kórìíra bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ti mú Lorenzo. Àwọn Fadá Dòmìníkì kọ́ ọ. Ó di akọ̀wé, ọmọ ẹgbẹ́ Rósárì Mímọ́, ọkọ, àti baba ọmọ mẹ́ta. Ní 1637, ní Nagasaki ní ilẹ̀ Jàpáánì, wọ́n dá a lóró kí ó lè sẹ́ Kristi. Ó kọ̀, ó sì kú. Ọdún méjì péré lẹ́yìn èyí, ní 1639, a tún pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Ṣáínà ní Manila. Ìran baba ajẹ́rìíkú ni wọ́n ń pa, wọn kò sì mọ̀! Ní 1987 ni Pópù John Paul Kejì kéde Lorenzo ní Ẹni Mímọ́.

Ẹ̀yin ará, àwọn oníṣòwò ará Ṣáínà ń bẹ ní Èkó lónìí. Ojú wo ni a fi ń wò wọ́n? Àwa náà ti ṣe àlejò rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò níbẹ̀ fi ìsọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ní 1983, ìjọba Nàìjíríà ṣe bákan náà, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí a lé. Nínú Ìwé Léfítíkù, orí 19, Ọlọ́run rán Ísírẹ́lì létí oko ẹrú Íjíbítì, kí wọn má baà ni àlejò lára.

Èyí kò wí pé kí a di ojú sí èrú. Àlejò tí ó bá du òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ̀bi níwájú Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí onílé tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ ni kí a mú lọ síwájú òfin. Kí a má ṣe ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí gbogbo ìran rẹ̀ lọ́rùn.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí o bá dé ọjà, má ṣe sín èdè àlejò jẹ. Má ṣe gbówó lé ọjà nítorí pé kò mọ iye rẹ̀. Bí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nípa rẹ̀ bá dé etí rẹ, jẹ́ kí ó kú sí ọ nínú. Kristi ti wí fún wa pé Òun ni a gbà nígbà tí a bá gba àlejò.

Lorenzo Ruiz Mímọ́, gbàdúrà fún wa. Àmín.